Irin Tó Gún Àárín Àpò

Irin náà gùn tó apá àgbàlagbà, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, inú rẹ̀ sì ṣófo. Alájì Mùtàlíbù fi etí agbádá rẹ̀ nù ún, ó yí àpò kòkó tó wà nílẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì wo ojú ọmọbìnrin tó gbé e wá.

Fẹ́yìsayọ̀ gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ kọ̀.

"Alájì, àpò bàbá mi mà ni. Ẹ kì í gún àpò bàbá mi."

Òótọ́ ló sọ. Ó ti tó ogún ọdún tí Awóníyì, bàbá rẹ̀, ti ń ta kòkó fún Alájì ní Ìwàrà, irin yẹn kò sì kan àpò rẹ̀ rí. Bí àpò Awóníyì bá ti dé, orí òṣùwọ̀n ló ń gbà lọ tààrà. Àwọn àgbẹ̀ yòókù a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ku díẹ̀ kí Alájì fi ọmọ fún àpò náà fẹ́.

"Àpò kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù lónìí," ni Alájì wí. "Ìwọ ni. Láti ìgbà tí o ti wọlé, o ti wo fóònù rẹ lẹ́ẹ̀mẹfà."

Ó sì ti irin náà bọ àpò. Kò fi kan ẹnu rẹ̀, kò fi kan ìdí rẹ̀. Àárín gan-an ló gún.

Fẹ́yìsayọ̀ bojú wo ilẹ̀. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀, òun ló kó o síbẹ̀. Òjò kò jẹ́ kí wọ́n rí kòkó sá lọ́sẹ̀ yẹn, èyí tó gbẹ kò sì kún àpò. Nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ síbi òkú ní Iléṣà, ó bu kòkó tútù lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi bò ó, ó dà á sí àárín, ó fi gbígbẹ bò ó mọ́lẹ̀, ó sì rán ẹnu àpò náà pa. Ọjọ́ kẹta rèé.

Nítorí Ítálì ni. Fẹ́yìsayọ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Èsì WAEC ti jáde, ìṣirò ti gbé e ṣubú, ojú sì ń tì í láti rí àwọn tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì. Munawwarah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń ránṣọ ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo, ló mú un lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Julianah onídìrí. Àǹtí Julianah ní iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ń dúró dè wọ́n lókè òkun. Kánò ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà Àgádèsì létí aṣálẹ̀, wọ́n á kàn yà ní Líbíyà díẹ̀. Òkun ńkọ́? Ó ní omi kékeré kan ni, pé ẹni tó bá ti sọdá odò Ọ̀ṣun rí ti mọ bó ṣe rí. Ọjọ́bọ ni mọ́tò máa gbéra, aago méjì ọ̀sán. Owó ọkọ̀ nìkan ló kù.

Òní sì ni Ọjọ́bọ.

Alájì fa irin náà yọ. Kòkó tó bá a jáde rin gbìndìn, èébu funfun sì ti ń hù lára rẹ̀. Kò pariwo. Ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó nà án sí Fẹ́yìsayọ̀ bí ẹni ń fún àlejò lóbì.

"Ẹnu àpò kì í burú, ọmọ mi," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń kó ìdọ̀tí sẹ́nu àpò. Ìdí tí mo fi ń gún àárín nìyẹn."

Ó béèrè ohun tó fẹ́ fi owó ṣe. Fẹ́yìsayọ̀ ní owó ìdánwò ni. Alájì ní òun kò ra àpò náà, kó lọ sọ ohun tó ṣe fún bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò tíì sọ, òun á pe Awóníyì. Fẹ́yìsayọ̀ dúpẹ́, ó jáde, ó sì wọ mọ́tò Òṣogbo. Bí ojú bá máa tì í, ó ní kó tì í láti Ítálì.

Aago méjì kọjá díẹ̀ nígbà tó dé Òkè-Fìà. Mọ́tò Siẹ́nà kan ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Julianah, bàgì Munawwarah sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Munawwarah fò mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní òun ti rò pé àgbẹ̀ Ìwàrà ti so ó mọ́ igi kòkó.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, Fẹ́yìsayọ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò rí owó. Ó dúró kí wọ́n lé òun padà.

Àǹtí Julianah rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa á lórí. "Ta ló bi ọ́ lówó? Wọlé sọ́kọ̀. Tí o bá débẹ̀ tí o ń ṣiṣẹ́, wàá san án."

Ó yẹ kí inú Fẹ́yìsayọ̀ dùn. Dípò bẹ́ẹ̀, ó yẹ orí rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ obìnrin náà. Àwọn àgbà ní ẹni tó ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Alájì tó ti mọ bàbá òun láti ogún ọdún kò gba àpò kan ṣoṣo láìwò ó. Obìnrin yìí tí kò mọ òun ju oṣù méjì lọ fẹ́ gbé òun dé Ítálì láìgba kọ́bọ̀. Tí kì í bá ṣe òun ló ń ra ọjà, a jẹ́ pé òun gan-an lọjà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n tún gbọ́ ohùn Àsmá'ù lẹ́ẹ̀kan, kí ọkàn mi balẹ̀."

Ọmọ àdúgbò náà ni Àsmá'ù, òun ló kọ́kọ́ lọ. Ohùn tó fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù ni Àǹtí Julianah fi ń pe oníbàárà. Ó tẹ̀ ẹ́. *Àǹtí Julianah, Àsmá'ù ni o. A ti dé o. Alihamudulilai, ara mi le.* Àtàǹpàkò rẹ̀ sì dá a dúró níbi tó máa ń dá a dúró sí.

Lẹ́ẹ̀kan náà ni dẹ́rẹ́bà fọn fèrè níta. Àǹtí Julianah ju fóònù sórí àga, ó jáde lọ bá a sọ̀rọ̀.

Fẹ́yìsayọ̀ wo fóònù náà. Ojú rẹ̀ ṣì ń tàn. "Munawwarah," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, "ìṣẹ́jú mẹ́ta ni nǹkan yìí. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n tíì jẹ́ ká gbọ́ rí."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ gún un láàárín."

Ó fi ìka fa ohùn náà dé ìdajì, ó gbé e sétí àwọn méjèèjì. Ẹkún ló kọ́kọ́ jáde. *...Líbíyà la dé, Àǹtí, wọn ò jẹ́ ká kúrò. Ọkùnrin tó tì wá mọ́lé ní ẹ ti gba owó lórí mi. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kó àwọn Blessing tá a jọ wá sí ti dojú dé, a ò rí ẹnì kan nínú wọn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ìyá mi...*

"Fi fóònù yẹn sílẹ̀."

Àǹtí Julianah ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Fẹ́yìsayọ̀ kò gbèrò kankan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbèrò. Ó gba abẹ́ apá obìnrin náà yọ, ó bọ́ sí títì, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Olè! Ẹ bá mi mú u, olè fóònù!"

Ẹni tó bá mọ Òkè-Fìà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe níbẹ̀. Ọlọ́kadà mẹ́rin bọ́ sílẹ̀ lórí ọkadà, alákàrà gbé ìgbákọ dání, ọkùnrin kan tí wọ́n ń fá irun rẹ̀ lọ́wọ́ sáré jáde pẹ̀lú orí tí wọ́n fá dé ìdajì. Wọ́n mú un níwájú ilé epo. Ìgbájú kan, ó rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án. Ìkejì, ó kúnlẹ̀. Ẹnìkan nínú èrò ti ń béèrè ibi tí táyà wà.

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn kò jáde. Ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí ó lè ṣe ni àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe: ó tẹ ohùn Àsmá'ù, ó sì yí i sókè pátápátá.

*...ẹ sọ fún ìyá mi pé kó má jẹ́ kí àbúrò mi tẹ̀ lé yín. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń nà wá. Àǹtí, ẹ̀yin lẹ tà mí...*

Ọwọ́ tí ẹnìkan gbé sókè láti tún gbá a dúró lókè. Alákàrà sọ ìgbákọ rẹ̀ kalẹ̀.

Nígbà náà ni obìnrin kan la èrò já. Òun ló ń ta ọṣẹ ní òdìkejì títì. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Àǹtí Julianah ń tẹ ẹnu ohùn yìí fún un gbọ́, tí obìnrin náà sì ń ṣàdúrà fún Julianah.

"Tún un tẹ̀," ni Ìyá Àsmá'ù wí. "Bẹ̀rẹ̀ láti àárín."

Fẹ́yìsayọ̀ tún un tẹ̀. Ìyá Àsmá'ù gbọ́ ọ tán lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ọ̀dà títì, nínú oòrùn.

Ojú gbogbo èrò yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí Julianah ti ń fẹ̀yìn rìn, ṣùgbọ́n Munawwarah ti di ìdí aṣọ rẹ̀ mú gírígírí láti ẹ̀yìn.

"Àǹtí, ẹ dúró," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ìyókù."

Siẹ́nà ti sá lọ pẹ̀lú bàgì Munawwarah. Àwọn ọlọ́pàá ló wá mú Àǹtí Julianah, wọ́n sì gba fóònù náà. Wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé sí àwọn tó ń kó ọmọ Nàìjíríà bọ̀ láti Líbíyà. Àsmá'ù kò tíì dé. Ìyá rẹ̀ ṣì ń ta ọṣẹ ní òdìkejì títì, ó sì máa ń wo ojú gbogbo ọmọbìnrin tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, Fẹ́yìsayọ̀ ti wà níwájú bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ètè wíwú, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí kòkó tútù dé orí títì Òkè-Fìà. Awóníyì kò nà án. Ó kàn dẹ́kun láti máa fi oríkì rẹ̀ pè é. Àpìkẹ́ ló máa ń pè é láti kékeré. Nísinsìnyí ó di Fẹ́yìsayọ̀, bí ìgbà tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ nínú ìwé.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, bàbá àti ọmọ jọ gbé àpò wá fún Alájì. Kòkó náà gbẹ, ó ń dún ṣàkà ṣàkà. Alájì gbé irin rẹ̀, ó wò ó, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ń tì í láti gún àpò ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì lè ṣe kó má gún un mọ́. Awóníyì ń wo ilẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ogún ọdún kọ́, ọjọ́ kan ló wó o.

Fẹ́yìsayọ̀ gba irin náà lọ́wọ́ Alájì, ó kúnlẹ̀, ó sì tì í bọ àárín àpò fúnra rẹ̀. Ó fà á yọ. Kòkó tó jáde pọ́n, ó gbẹ táútáú.

"Láàárín ni mo gún un, sà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n máa gún un ní gbogbo ìgbà tí a bá ń bọ̀, títí ẹ ó fi ní kí n má gún un mọ́."

Alájì gbé àpò náà sórí òṣùwọ̀n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ẹni tó bá gbé ìrìn àjò aládùn wá bá yín, ẹnu àpò ló ń fi hàn yín. Ẹ gún àárín rẹ̀ kí ẹ tó wọ mọ́tò, nítorí òkun kì í dá ẹni tó gbé mì padà. Kí ẹ sì rántí pé orúkọ rere pẹ́ kó tó kún àpò, ẹ̀kúnwọ́ kòkó tútù kan sì tó láti bà á jẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, Awóníyì tó ṣíwájú dúró lójú ọ̀nà, kò bojú wẹ̀yìn.

"Àpìkẹ́," ó ní, "rìn kíákíá. Òjò ń bọ̀, a ò tíì kó kòkó tó wà níta."