Ẹni Tó Wá Iyọ̀ Lọ

Mẹ́rin lọ, mẹ́ta bọ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé tíkẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn, dúdú lórí funfun. Adépéjú kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbójú sókè.

"Abdulqudus, èèyàn mélòó ni mo sọ fún ọ pé ó ń lọ sí erékùṣù yìí?"

"Mẹ́rin, mà. Ẹ̀yin, Dádì, àtàwọn ọmọ méjèèjì."

"Mélòó ló ń bọ̀?"

"Mẹ́rin náà ni, mà."

"Ó dáa. Wá ka èyí fún mi."

Abdulqudus, ọmọ Ìlọrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Utako ní Àbújá, gba ìwé náà. Ó wò ó, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Kai!" ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ pọ ìwé tuntun jáde: mẹ́rin lọ, mẹ́ta bọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, Adépéjú lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fojú ara rẹ̀ rí i bí ìka ọkùnrin náà ṣe tẹ mẹ́rin síbi méjèèjì. Síbẹ̀ ìwé tó jáde kò yàtọ̀. Orúkọ tí kò sí láàárín àwọn tó ń bọ̀ ni Ìrètíolúwa, ọmọ rẹ̀ àgbà.

Adépéjú kì í ṣe obìnrin tí ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bínú. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti lò níléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kò sì sí ọ̀gá tí kò tíì tọ́ ẹnu rẹ̀ wò. "Ṣé kí n fi ọmọ mi síbẹ̀ ni? Ṣé ẹrù ni? Mẹ́rin lọ, mẹ́rin bọ̀! N ò fẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, n ò sì fẹ́ kó dín!"

"Ẹ má bínú, mà. Tó bá ti gún, màá pè yín."

Ó bínú jáde. Àmọ́ nígbà tó wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Karu, níbi tí ilé wọn wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sínú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó dé ilé, Ìrètí, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, ó ń di ẹrù ìrìnàjò. Ó ṣẹ́ orúnkún sókè, àpá tó gbà lọ́dún tó kọjá nígbà tó ṣubú ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ń dán lórí rẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ànú, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, ń na nǹkan sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ méjì. Sálúbàtà méjì. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín méjì. Fìlà oòrùn méjì, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni ti Adépéjú.

"Ta ló ni ìkejì?"

Yorùbá Ìrètí dà bíi ti gbogbo ọmọ Àbújá, ó gbọ́ ọ ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. "Ọ̀kan for me," ló wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè, "ọ̀kan for Mofẹ́."

Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ yẹn nínú ilé náà.

Ìbejì ni Mofẹ́olúwa àti Ìrètíolúwa. Mofẹ́ ni Táyé, Ìrètí ni Kẹ́hìndé. Wọ́n jọra débi pé ọwọ́ ni bàbá wọn fi ń dá wọn mọ̀, nítorí ọwọ́ òsì ni Mofẹ́ ń lò. Adépéjú bá a jà títí pé kó fi ọ̀tún jẹun. Wọ́n ṣì ń ja ìjà ọ̀hún nígbà tí ibà dé, tó fi ọjọ́ mẹ́ta péré ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ọmọ ọdún méjì ni wọ́n nígbà náà. Nígbà tí Ìrètí ń wá ìkejì rẹ̀ káàkiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyá ọkọ Adépéjú, Màmá Fẹ̀yìntọlá, tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, fọwọ́ bo Adépéjú lẹ́nu. "Wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Sọ fún un pé ó wá iyọ̀ lọ."

Adépéjú sì sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, irọ́ tó bá dùn ún pa, àwa ìyá kì í kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ gbogbo là ń pariwo pé àṣà àtijọ́ ò bá ìgbàgbọ́ wa mu, àfi lọ́jọ́ tí àṣà ọ̀hún bá gbà wá lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ líle. Lọ́jọ́ yẹn, àá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

"Mọ́mì," Ìrètí tún ní, "Dádì said òkun yẹn, gbogbo ẹ̀ iyọ̀ ni. Is it true?"

"Òótọ́ ni."

Ọmọ náà mi orí bí àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. "That's why Mofẹ́ ń pẹ́. Ó pọ̀ jù. Kò lè gbé e tán."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Òun ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ike iyọ̀ tó kún ti dín sí ìdajì. Adépéjú bá Ànú wí. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ohun funfun kan gbẹ mọ́ ìrọ̀rí Ìrètí, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà. Ó rò pé itọ́ ni. Ó fi ìka kàn án, ó fi kan ahọ́n. Iyọ̀ ni. Nígbà tó wolẹ̀, ó rí ipasẹ̀ kékeré láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì. Omi inú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti fi funfun sílẹ̀ bí ẹfun. Ipasẹ̀ náà wọlé, kò sí èyí tó jáde. Yàrá náà sì ń rùn, kì í ṣe òórùn ìtọ̀, kì í ṣe ti aṣọ tútù. Ó ti gbọ́ òórùn yẹn rí, nígbà tó ń sìnrú ìlú ní Badagry. Òórùn òkun ni. Ẹ wo bí Àbújá ṣe jìnnà sí òkun tó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ànú gbé ife omi méjì wá láti ilé ìdáná, ó rọra ń rìn kó má baà dà á nù. Ó gbé ọ̀kan síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé ọ̀kan síwájú àga tó ṣófo.

"Ti Ìrètí," ló wí. "Ti Ìrètí kejì."

Ọmọ tí kò fojú kan Mofẹ́ rí!

Ọkọ rẹ̀, Ọládipọ̀, rẹ́rìn-ín nígbà tó rò ó fún un. "Péjú, ọmọdé ni wọ́n, wọ́n máa ń ní ọ̀rẹ́ tá ò rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lííìfù gbà níbi iṣẹ́, jọ̀ọ́, má fi ìjáyà bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

"Kí ló dé tó jẹ́ erékùṣù yẹn lo yàn?"

"Èmi kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi."

"N ò fi àwòrán kankan ránṣẹ́."

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde láti fi í rẹ́rìn-ín. Àwòrán náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, láti orí nọ́ńbà Adépéjú: omi aláwọ̀ sánmà, ilẹ̀ funfun. Adépéjú fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe yanrìn ló funfun báyẹn. Òkìtì iyọ̀ tí wọ́n sá sóòrùn ni, wọ́n tò lọ lọ lọ. Lẹ́bàá èyí tó gbẹ̀yìn, ọmọdébìnrin kékeré kan kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó fi ọwọ́ òsì di abọ́ mú. Ọládipọ̀ wò ó, ẹ̀rín náà sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde, ó lọ ti fèrèsé yàrá àwọn ọmọ.

Adépéjú tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ láago.

"Màmá, ẹ kú ọ̀sán, mà."

"Ìyá Ìbejì, báwo ni?" Títí dòní, bẹ́ẹ̀ ni màmá ń pè é. "Ibo ni ọkọ rẹ ní ẹ fẹ́ rìnrìn àjò lọ?"

"Ẹ̀bá òkun ni, mà. Kí àwọn ọmọ lè gbádùn."

Ohùn màmá ga lójijì. "Orí yín pé báyìí? Ẹ ní ọmọ wá iyọ̀ lọ. Ẹ tún wá ń gbé ìkejì rẹ̀ lọ síbi iyọ̀?"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ọ́!"

"Mo ní kí o sọ ọ́. Mo tún ní tí o bá ra ọ̀kan, kí o ra méjì, kí o máa bu tirẹ̀ sílẹ̀, kó má baà dà bí ẹni tí wọ́n gbàgbé. Ṣé o ṣe ìyẹn?"

Adépéjú kò ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú ló ti kó gbogbo ìkejì aṣọ fún ẹni ẹlẹ́ni.

"Ọmọ tá a bá rán níṣẹ́ tó pẹ́," màmá bi í, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "kí là ń ṣe?"

Adépéjú mọ̀ ọ́n. Ta ni wọ́n tọ́ nílé Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n? À ń ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ wò ó wá.

"Kẹ́hìndé ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò. Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ tí òun rán ti pẹ́ jù lójú rẹ̀. Má gbé e dé etí omi, ìyàwó mi. Má sì fẹnu ara rẹ pe 'kú' létí rẹ̀, kó má baà mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń retí ìkejì òun nílé."

Lójú ẹsẹ̀ ló pe Abdulqudus. "Pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. A ò lọ mọ́."

"Há, mà! Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mà ni."

"Mo ní kí o pa á rẹ́."

Ìdajì ìmọ̀ràn màmá ló gbà yẹn. Ìdajì kejì kò wọ̀ ọ́ létí. Irọ́ tí wọ́n pò mọ́ iyọ̀ ló kó wọn sí gbogbo èyí, ó ní òun ò ní fi irọ́ mìíràn bò ó. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni òun máa sọ fún ọmọ òun, kó dun ún, kó sunkún, kó tán.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni. Oòrùn ràn gba ojú fèrèsé ilé ìdáná wọlé dé orí tábìlì tí ọmọ náà ti ń yàwòrán. Adépéjú fa àga, ó jókòó.

"Ìrètí, gbọ́ mi. Mofẹ́ ò wá iyọ̀ lọ. Mọ́mì parọ́ fún ọ. Mofẹ́ kú."

Fíríìjì tó ń kùn dákẹ́. Ọmọ náà rọra fi pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni Adépéjú tó rí i pé ọwọ́ òsì ló fi ń yàwòrán láti àárọ̀.

"Rárá, Mọ́mì," ló wí. "Mo ti dé."

Yorùbá tó dán ni, kò sí òyìnbó kankan nínú rẹ̀, ó dà bí Yorùbá ẹni tó ti ń gbé lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ó na ọwọ́ òsì náà sórí tábìlì, ó là á. Iyọ̀ kún inú rẹ̀, iyọ̀ hóró-hóró tó rí wúruwùru, tó ṣì tutù, irú èyí tí kò sẹ́ni tó ń tà á ní ọjà Karu. "Ẹ gbà. Ó pẹ́ kí n tó rí èyí tó dáa."

Adépéjú kò gbà á. Orúnkún ọmọ náà ló ń wò lábẹ́ tábìlì. Ó jọ̀lọ̀. Kò sí àpá kankan níbẹ̀.

"Ìrètí dà?" Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

"Ó ní mo ti pẹ́ jù. Ó wá mi lọ, a ò sì pàdé lọ́nà." Ó wo ìyá rẹ̀, ó rọ ojú bí ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n bá òun wí. "Ẹ ti sọ fún un pé gbogbo yín ń bọ̀. Ó ti ń dúró dè yín."

Fóònù dún lórí tábìlì. Abdulqudus ni.

"Mà, mo ti pa orúkọ yín rẹ́, àmọ́ ọ̀kan kọ̀. Ìrètíolúwa. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà yìí. Ó ní ẹni yẹn ti wọ bàálù. Ó ní ó ti gúnlẹ̀."

"Má pa á rẹ́!" Adépéjú ti dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. "Abdul, jọ̀ọ́, dá gbogbo wa padà síbẹ̀. Ọmọ tó wà nílé yìí, Mofẹ́olúwa lorúkọ rẹ̀, kọ ọ́ síbẹ̀. Mẹ́rin ló ń lọ."

"Mẹ́rin lọ." Ó ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. "Mélòó ló ń bọ̀, mà?"

"Márùn-ún."

"Mà?"

"Márùn-ún ni mo wí! Tẹ̀ ẹ́!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. Adépéjú gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń pọ ìwé jáde ní Utako, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ó kọ̀, mà. Mẹ́rin lọ, mẹ́rin bọ̀ ló ń gbé jáde." Inú Abdulqudus tilẹ̀ dùn díẹ̀, bí ẹni tó ṣàtúnṣe àṣìṣe. "Ṣebí ohun tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ nìyẹn, mà? Ẹ ní ẹ ò fẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò sì fẹ́ kó dín."

Ọmọ náà ti gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ padà. Ó ń lá iyọ̀ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò gbójú kúrò lára fóònù náà. Nígbà tó lá a tán, ó nu ọwọ́ sára aṣọ Ìrètí tó wọ̀ sọ́rùn.

"Mọ́mì," ló wí jẹ́jẹ́, "èwo nínú wa?"