Afẹ́fẹ́ Yàrá Kẹrin

Ìwé àyẹ̀wò ló tú ọ̀ràn náà síta. Liteboho, olùkọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, gbé ikọ́ ife tí oògùn ń wò wọ ilé ìwòsàn orí òkè ní Mokhotlong. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ikọ́ ife tí oògùn ò ràn ni wọ́n bá nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, òun náà ló sì pa á. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù náà: bàbá Ramabele, awakùsà àtijọ́, ní yàrá karùn-ún. Ọmọbìnrin náà wà ní yàrá kẹrin, ògiri ló wà láàárín wọn, wọn ò sì fojú kanra rí. Báwo wá ni àrùn ṣe la ògiri kọjá?

Bàbá Liteboho gbé ẹjọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì rán Inspẹ́kítọ̀ Letlatsa. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, orí ìdúró ló ti ń jẹ papa, òkèlè àgbàdo rẹ̀, nílé, nítorí kò sí ẹni tí yóò bá a jókòó.

"Kí lẹ tún ń wá, ọ̀gá ọlọ́pàá?" ni dókítà àgbà wí. "Nọ́ọ̀sì Makatleho ni. Ó ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Àwọn tó kọ́ wọ́ọ̀dù yìí ò kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́: abẹ́ ilẹ̀kùn ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, fáànù òkè á sì fà á jù sórí òrùlé. Afẹ́fẹ́ yàrá kan ò gbọdọ̀ dé òmíràn. Èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ẹ mú un lónìí."

"Ẹ̀rí dà?"

"Ta ló tún kù?"

Letlatsa ò fẹ́ràn irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì náà. Ọdún méjìlá ni Makatleho ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án, ẹ̀wọ̀n ni, kò sì sí ilé ìwòsàn tí yóò tún gbà á láyé.

"Ṣé lóòótọ́ lẹ máa ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀?"

"Nínú òtútù yìí, ọ̀gá? Àwọn aláìsàn fúnra wọn á bú mi. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo la ẹnu rẹ̀."

"Ta ló máa ń wá wò wọ́n?"

"Ìyá Liteboho wá lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Ramabele, ó ti lé lọ́dún kan, kò sẹ́ni tó wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Johannesburg." Ó wo ìhà yàrá karùn-ún. "Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń yá gágá láti bí oṣù mélòó kan. Mo rò pé oògùn ló ń bá a lára mu."

Letlatsa ní kí wọ́n ṣí yàrá kẹrin. Wọ́n ti tì í pa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ náà ti kú, fáànù nìkan ló ń kùn lókè. Ó ṣá ìṣáná, ó fẹ́ ẹ pa, ó sì gbé èéfín rẹ̀ sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Èéfín wọlé. Ó gbé e sókè, ó gba ọ̀dọ̀ fáànù lọ. Gbogbo rẹ̀ dára. Ó ti fẹ́ jáde nígbà tó rí kàlẹ́ńdà ìjọ lára ògiri. Fèrèsé wà ní títì, síbẹ̀ etí kàlẹ́ńdà náà ń gbéra díẹ̀díẹ̀ kúrò lára ògiri.

Ó ká a sókè. Ihò róbótó kan wà níbẹ̀, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ó ki pẹ́ńsùlù bọ̀ ọ́, pẹ́ńsùlù náà sì tẹ̀ sísàlẹ̀ sí ìhà yàrá karùn-ún. Ohùn kan wá láti ọ̀hún.

"Liteboho? Ṣé o ti dé?"

Letlatsa fa pẹ́ńsùlù rẹ̀ yọ. Ó rọra sọ kàlẹ́ńdà sílẹ̀.

Òun, dókítà àti nọ́ọ̀sì di ìbòmú wọn, wọ́n sì wọ yàrá karùn-ún. Bàbá Ramabele jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti ya ìdajì kúbùsù rẹ̀, ó fi di ẹnu fáànù, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ò sì lè yí.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá. Ó pẹ́ tí mo ti rí àlejò."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi dí fáànù?"

"Òtútù ni."

"Irọ́ ni, bàbá. Abẹ́ ilẹ̀kùn ni òtútù ń gbà wọlé, ẹ ò sì dí ibẹ̀. Ariwo fáànù ni ẹ ò fẹ́, kí ẹ lè gbọ́ ohùn ẹni tó wà lódìkejì. Ihò yẹn ń gòkè láti ọ̀dọ̀ yín. Bí awakùsà ṣe ń lu ihò nìyẹn, kí eruku lè máa dà síta. Ọmọ tó jẹ́ olùkọ́ ò mọ ìyẹn. Nígbà tí fáànù tiyín dákẹ́, tiẹ̀ ṣì ń fà. Ihò yẹn ni afẹ́fẹ́ yín wá gbà lọ bá a." Ó yíjú sí dókítà. "Nọ́ọ̀sì ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀."

Dókítà wolẹ̀. Bàbá náà ò tiẹ̀ jiyàn.

"Ìdí ṣíbí ni mo fi lù ú, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko. Mò ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà, mi ò lè pẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó ń ka ìwé ìròyìn fún mi. Ó ń pè mí ní bàbá. Àwọn tí mo bí ò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ fẹ́ lọ mú un nílé nítorí ihò yìí ni? Ẹ má fìyà jẹ ẹ́, èmi ni mo lu ihò náà."

Letlatsa wo Makatleho. Nọ́ọ̀sì náà tẹrí ba: òun ló ṣàánú bàbá náà, tó sọ fún un pé ọmọbìnrin náà ti lọ sílé.

"Bàbá," ni Letlatsa wí, "ó ti kú. Ikọ́ yín ló pa á."

Bàbá náà rọra dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú fún ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀.

"Ẹ mú mi lọ sẹ́wọ̀n."

"Lẹ́wọ̀n náà, wọn ò ní fi yín sáàárín èèyàn, bàbá. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa tì mọ́lé."

Bàbá Ramabele gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa kúbùsù náà yọ. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ó sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n Makatleho nìkan ló sún mọ́ ọn tó láti gbọ́.

"Kí ló wí?" ni Letlatsa béèrè.

"Ó ní ṣé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ Liteboho nígbà tó ń kú."

"Ẹ dá a lóhùn."

"Kí n wí pé kí ni, ọ̀gá? Bí ẹnì kankan bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, bàbá fúnra rẹ̀ ni, lódìkejì ògiri."