Ìṣó Kẹta

"Bàdírátù! Aago méje ààbọ̀ ti fẹ́ lù o! O ò ní lu agogo ni?"

Ẹnìtàn ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ojú mi ló ṣe, torí èmi ni mò ń ṣọ́ gèètì ilé-ìwé wa, l'Ágbowó níbí. Bàdírátù dúró nídìí igi máńgòrò, ó ń wo rìímù ọkọ̀ tá a so rọ̀, òun ni agogo wa. Irin tí wọ́n fi ń lù ú ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. A kì í dìbò yan olórí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Bí àwọn ìjòyè Ìbàdàn ṣe ń gun àkàbà ni tiwa náà rí: ẹni tó wà níwájú ló kàn, táàmù kan, ọmọ kan. Ẹni tí ipò kàn ló ń lu agogo àárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú táàmù, kí wọ́n tó fi jẹ olórí. Tó bá fi lè pẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ìsàlẹ̀ àkàbà ló ń lọ yẹn.

Bàdírátù ló kàn, ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ tó wá láti Ṣakí. Ẹnìtàn ló tẹ̀ lé e. Ìyá Ẹnìtàn ti jẹ olórí níbẹ̀ rí, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà jẹ ẹ́. Fọ́tò àwọn méjèèjì wà ní pálọ̀ wọn ní Bódìjà, wọ́n sì ti kan ìṣó kẹta mọ́ ògiri, wọ́n fi ń dúró de fọ́tò tiẹ̀.

Háà, ọmọ yẹn jowú! Tí wọ́n bá kí Bàdírátù, á yínmú. Ó ní, "Bàbá, ìyá mi ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi ṣe é, ọmọ ẹlẹ́kọ á wá dúró níwájú mi?"

Mo ní, "Ẹnìtàn, èyí kì í ṣe ogún ìdílé. Táàmù tó ń bọ̀, ìwọ ni. Ohun tó yá kì í pẹ́ mọ́."

Ó pòṣé, ó lọ.

Àárọ̀ tí mò ń sọ yìí ni Bàdírátù máa lu agogo kẹ́yìn kí wọ́n tó fi jẹ olórí. Kò sunkún o. Ó he òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi lu rìímù, gbàn-ín! gbàn-ín! Òkúta fọ́, ó he òmíràn. Kí aago tó lù, gbogbo ọmọ ti tò.

Púrínsípà wa, Mísíìsì Bọ́láwárìn, jáde. "Ta ló mú irin?"

Ẹnìtàn ká apá mọ́ àyà. Àmọ́ irin yẹn ti dógùn-ún, pupa ẹ̀ ti ràn mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun Ẹnìtàn. Ọmọ kékeré kan, Prosper, ló rí i.

"Síníọ̀ Ẹnìtàn, ṣé ẹ gbé irin mọ́ra bí ọmọ ni?"

Ni ẹ̀rín bá sọ. Ẹnìtàn bú sẹ́kún, ó lọ yọ irin lábẹ́ tábìlì ẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rò pé tó bá pẹ́, èmi ló máa kàn ni."

Púrínsípà mirí. "Táàmù kan péré lò bá dúró, Ẹnìtàn. Ó yá, ìsàlẹ̀ àkàbà."

Ọmọ méje ló wà níwájú ẹ̀ báyìí. Táàmù mẹ́rin ló kù kó jáde.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ tèmi. Orúkọ ìdílé kì í báni gun àkàbà. Ohun tá a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ owú jíjẹ ń múni fọwọ́ ara ẹni ṣẹ́ àkàbà tá a fẹ́ gùn.

Lọ́jọ́ sí, ìyá Ẹnìtàn ní kí n wá bá wọn ro koríko ilé. Mo dé pálọ̀ wọn, mo rí ìṣó kẹta yẹn. Kàlẹ́ńdà ni wọ́n gbé kọ́ sí i.