Olè Tó Kó Èyí Tó Kú Mọ́ Èyí Tó Yè

Igi tí wọ́n fi dábùú ẹnu ọ̀nà ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí, ṣùgbọ́n páálí inú yàrá iṣẹ́ Yẹ̀kínì ti ṣófo.

Yẹ̀kínì dojú páálí náà dé, ó gbọ̀n ọ́n. Eruku ọyẹ́ nìkan ló já bọ́.

"Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti jí ọpọlọ ọkọ̀!"

Ariwo yìí ló gbé Dúrójaiyé dìde lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìgbẹ̀bí Isundunrin. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì ni. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló fi ń wá ọ̀daràn kiri kó tó padà sílé lọ́dún 1993, kò sì sí ọ̀kan tó dẹ́rù bà á nínú wọn. Lọ́sàn-án Jímọ̀ yìí, ẹ̀rù bà á. Yéjídé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí láyé, ló ń rọbí nínú ilé náà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù rẹ̀ pé, àfi bí ìrora ṣe dédé kì í mọ́lẹ̀ lágogo kan ọ̀sán.

Nọ́ọ̀sì Damaris kò fi bọpo bọyọ̀. "Bàbá, ọmọ náà dábùú. Mi ò lè gbẹ̀bí rẹ̀ níbí. Ẹ jẹ́ kó dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Dúrójaiyé ló parí rẹ̀ nínú ọkàn ara rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà ni, gbogbo bọ́ọ̀sì ti kó èrò lọ. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù nílùú, ògbólógbòó tòkunbọ̀ tí àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ábíjáàn rà ránṣẹ́ sí ilé ìgbẹ̀bí. Ọkọ̀ yìí náà ló dédé kú lẹ́bàá Masifa, lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Làmídì awakọ̀ ló ń wà á lọ́jọ́ náà, Bàrákátù ìyàwó rẹ̀ ló sì ń rọbí lẹ́yìn. Kí wọ́n tó rí ẹni gbé wọn, ọmọ ti kú sínú. Gbogbo Isundunrin ló bá Làmídì sunkún.

Yẹ̀kínì ríwáyà, tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, tó sì kọ́ṣẹ́ l'Ábíjáàn, ló wo àìsàn ọkọ̀ náà. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Àpótí pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní ọpọlọ ọkọ̀, òun ló ń sọ iye epo tí ẹ́ńjìnnì á mu àti ìgbà tí iná á ṣẹ́ fún un. Àpótí yẹn ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ s'Ábíjáàn, òmíràn sì dé láàárọ̀ ọjọ́ yìí.

"Àpótí mélòó ni wọ́n kó?" Dúrójaiyé bi í.

"Méjì, sà. Mo ti yọ èyí tó kú, mo tò ó mọ́ tuntun nínú páálí. Mo tiẹ̀ sọ fún Làmídì pé tá a bá kírun dé, màá tú èyí tó kú kí n wo ohun tó pa á."

"Kí lolè fẹ́ fi èyí tó kú ṣe?"

Yẹ̀kínì tún yẹ inú páálí náà wò.

"Níbo lo wà?"

"Mọ́sálásí ni, sà. Èmi àti Làmídì la jọ lọ. A ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó ní àlùwàlá òun bàjẹ́, ló bá sáré padà wá gbé bútà rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó bá wa lórí ìrun."

"Ta ló tún mọ̀ pé àpótí náà ti dé?"

"Ọmọpẹ́ oníbúrẹ́dì. Irú ọkọ̀ yìí ló ní, tirẹ̀ náà ti kú láti èṣí. Àárọ̀ yìí ló wá ń bẹ̀ mí pé kí n gbé e fún òun, mo ní ó tì."

Àwọn tó pé jọ ti ń kùn. "Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á bí kò ṣe Yẹ̀kínì?" Ojú Yẹ̀kínì ràn kankan. Igbe Yéjídé jáde láti inú ilé, gbogbo wọn sì kọjú síbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Ọmọpẹ́ ni Dúrójaiyé gbà lọ, Yẹ̀kínì tẹ̀ lé e. Oníbúrẹ́dì náà ti ń làágùn kí wọ́n tó bi í ní nǹkan kan.

"Bàbá, mi ò jalè o! Torí pé èmi ò lọ mọ́sálásí, ṣé ìyẹn ló wá sọ mí dolè?"

"Ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ."

Ilẹ̀kùn ké bó ṣe ń ṣí. Nǹkan kan fò mọ́ wọn, Dúrójaiyé sì fò sẹ́yìn. Adìẹ ni! Ó sàba lórí ẹyin mọ́kànlá nílẹ̀ iwájú ọkọ̀, ó ń wú bí ẹni tó fẹ́ pààyàn.

"Ibi tó sàba sí yẹn gan-an ni ọpọlọ ọkọ̀ máa ń wà," Yẹ̀kínì ní. "Lábẹ́ rọ́ọ̀gì, níbi tí ẹni tó bá jókòó ti awakọ̀ ń gbẹ́sẹ̀ lé."

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti wà níbẹ̀," Ọmọpẹ́ ní. "Kì í jẹ́ kémi gan-an súnmọ́ ọn."

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ibẹ̀ lónìí. Ọmọpẹ́ kọ́ lolè. Ṣùgbọ́n Dúrójaiyé kò kúrò lójú kan. Ilẹ̀ iwájú ọkọ̀ ló ń wò. Níbi tí ẹsẹ̀ ń wà. Lójijì ló yípadà tó sáré, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kò tiẹ̀ rántí pé òun ń sáré.

Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ilé ìgbẹ̀bí, ó tẹ ọwọ́ mọ́ rọ́ọ̀gì lápá ibi tí awakọ̀ kì í jókòó sí. Ó tutù rinrin. Ó ká a sókè. Páànù abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Ojú ìdí bútà hàn roboto lórí rọ́ọ̀gì náà, bútà kò sì sí níbẹ̀.

"Ìgbà wo lòjò rọ̀ kẹ́yìn?"

"Sà?" Yẹ̀kínì tó sáré tẹ̀ lé e ní. "Ó ti lé ní oṣù méjì. Omi tí mo rí níbẹ̀ láàárọ̀, mo rò pé ẹnìkan ló ṣèèṣì da á nù."

Làmídì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó fi ọwọ́ méjèèjì dí etí kó má baà gbọ́ igbe Yéjídé. Dúrójaiyé dúró lé e lórí.

"Làmídì, bútà rẹ dà?"

"Ó... ó ti sọnù, sà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta."

"Kí lo wá padà wá gbé nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án yìí?"

Làmídì bojú wo ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Olè tó fẹ́ tajà, tuntun ló máa gbé. Ẹni tó bá gbé èyí tó kú, ohun tó pa á ló fẹ́ fi pa mọ́. Yẹ̀kínì ṣèlérí pé òun á tú u wò. Ìwọ nìkan ló gbọ́. Làmídì, mi ò wá mú ọ." Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ọmọ mi ń kú lọ. Mo bẹ̀ ọ́."

Làmídì ki ọwọ́ bọ àpò, ó na kọ́kọ́rọ́ búùtù sí i. Abẹ́ táyà àfirọ́pò tó wà nínú búùtù ọkọ̀ náà ni wọ́n ti bá àpótí méjèèjì àti bútà. Yẹ̀kínì gbọ̀n ọ̀kan. Omi pupa kán jáde lára rẹ̀.

"Eruku ọyẹ́ ni, sà," Làmídì ní, omijé ti bo ojú rẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ tí mo ti fọ̀ tún tẹ iyẹ̀pẹ̀. Nínú ọkọ̀ ni mo máa ń jókòó sí da omi sí i, kí n tó ki bàtà bọ̀ ọ́. Ojoojúmọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé nǹkan kan wà nísàlẹ̀ yẹn. Àárọ̀ yìí tí Yẹ̀kínì ká rọ́ọ̀gì ni mo rí i. Èmi ni mo pa ọmọ mi, sà. Ẹ̀rù Bàrákátù ló bà mí. Èyí tó kú nìkan ni mo fẹ́ gbé sọ nù, mi ò mọ èwo ni èwo, ojora mú mi, mo kó méjèèjì. Nígbà tí n ó fi dá tuntun padà, wọ́n ti ń pariwo olè."

Kó tó parí ọ̀rọ̀, Yẹ̀kínì ti wà nílẹ̀ iwájú ọkọ̀. Kò dá tuntun padà síbi tí omi wà; ó fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ so ó rọ̀ sókè, lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó so wáyà mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì kọ̀, ó tún kọ̀, kó tó wá dún.

Ẹ ò rí nǹkan! Yẹ̀kínì mọ ọkọ̀ tún ṣe, kò mọ̀ ọ́n wà, Ọmọpẹ́ ò sì tẹ̀ lé wọn wá. Nínú gbogbo ọkùnrin tó dúró níbẹ̀, Làmídì nìkan ló mọ ọkọ̀ wà. Dúrójaiyé ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ fún un.

"Wọlé," ó ní. "Wà á."

Nígbà tí wọ́n dé Masifa, Dúrójaiyé di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó di ojú. Ó ń retí kí ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Làmídì ń sunkún láìdún. Wọ́n kọjá ibi tí ọkọ̀ kú sí, kò kú.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Yéjídé. Obìnrin ni ọmọ náà. Ìyá àti ọmọ yè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Làmídì gbé Dúrójaiyé padà dé iwájú ilé ìgbẹ̀bí, ó pa ẹ́ńjìnnì, kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ìgbà wo la ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, sà?"

"Mi ò bá ọlọ́pàá ní ọ̀rọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló yẹ kó gbọ́ ọ. Màá bá ọ débẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dé ilé Làmídì, Bàrákátù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti wú fún àìsùn. Ó kúnlẹ̀ kí Dúrójaiyé. "Ẹ kú ewu ọmọ, sà. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ò kú lójú ọ̀nà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

Làmídì bọ́ bàtà rẹ̀. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀.

"Bàrákátù, jókòó," ó ní. "Mo mọ ohun tó pa ọmọ wa."