Aṣọ Àga Tó Bo Bẹ́líìtì Mọ́lẹ̀

Ilé tí ọmọ bá ti pọ̀, ìjà àárọ̀ kì í wọ́n níbẹ̀: ta ló máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ta ni wọ́n máa gbé lé ẹsẹ̀. Nílé Bàbá Kúṣìn, ọjọ́ tó ra ọkọ̀ oníjókòó méje ni ìjà yẹn parí. Òun, ìyàwó rẹ̀, ìyá rẹ̀ àtọmọ mẹ́rin: orí méje, ìjókòó méje. Àyè wá gbà wọ́n débi pé wọ́n ń na ẹsẹ̀ bí ẹni tó wà ní pálọ̀.

Iṣẹ́ aṣọ àga ni Bàbá Kúṣìn ń ṣe, ibẹ̀ lorúkọ ọ̀hún ti wá. Ṣé ẹ rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á fi ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò? Ó rán awọ aláwọ̀ ilẹ̀ sí gbogbo rẹ̀, ó fà á le, ó dán gbinrin. Ihò tí wọ́n ń ki bẹ́líìtì bọ̀ wá há sábẹ́ awọ. Ti iwájú méjèèjì nìkan ló là sílẹ̀. Ó ní iwájú làwọn agbófinró ojú pópó máa ń wò, ta ló ń yọjú wẹ̀yìn? Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ ọn nígbà náà.

Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni ibùjókòó Akéde, ọmọ rẹ̀ kẹta. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ torí pé kò sí pátákó tó máa kọjá lójú ọ̀nà tí kò ní kà sókè fún gbogbo ọkọ̀ gbọ́: ti onífọ́tò, ti oníbúrẹ́dì, ti ẹni tó ń ta ilẹ̀. Bó bá rẹ àwọn yòókù, wọ́n á ní kó jọ̀ọ́, kó fi ti iwájú sílẹ̀. Á tún kà á.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò ìyàwó rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà, bá wọn wọ ọkọ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Akéde. Ó na ọwọ́ sí ìdí àga, ó wá a títí.

"Bọ̀ọ̀dá, níbo lẹ gbé ẹnu bẹ́líìtì sí?"

"Abẹ́ aṣọ. O ò tiẹ̀ kí mi pé aṣọ dára."

"Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, ọkọ̀ nìkan ló dúró o. Èèyàn inú rẹ̀ ṣì ń lọ."

"Lọ síbo? Èmi tí ìgbín ń yà sílẹ̀ lọ́nà?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ní kó ṣáà fi abẹ là á, kò ju iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Bàbá Kúṣìn dáhùn pé wọn kì í fi abẹ kan iṣẹ́ òun.

Lóòótọ́, eré kọ́ ló ń sá lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ láti iléèwé, ìyá àgbà wà nílé. Lọ́rì tó wà níwájú wọn dúró gbì. Bàbá Kúṣìn tẹ bíréèkì, bíréèkì sì mú, àmọ́ ó ti pẹ́ díẹ̀. Ọkọ̀ kọlu ìdí lọ́rì. Bẹ́líìtì gbá òun àtìyàwó rẹ̀ mú. Àwọn ọmọ tó wà ní ìjókòó àárín forí gbá ẹ̀yìn ìjókòó iwájú, ẹnu bẹ́, eyín kán. Akéde, tó ń ka pátákó lọ́wọ́, fò kọjá lórí wọn.

Ní ọsibítù, àbúrò ìyàwó kò wí pé òun ti sọ ọ́. Ìyá àgbà ló dé, tó wo àpá bẹ́líìtì láyà ọmọ rẹ̀, tó tún wo ti ìyàwó, tó wá wo Akéde tí wọ́n fi báńdéèjì di lórí.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ wà nínú ọkọ̀ ni?"



Nígbà tí wọ́n tún ọkọ̀ ṣe tán, Bàbá Kúṣìn fúnra rẹ̀ gbé abẹ, ó tú gbogbo awọ náà, ojú rírán kan tẹ̀ lé èkejì. Ní báyìí, á fọwọ́ ara rẹ̀ de bẹ́líìtì mọ́ Akéde, á dún pá. Bí wọ́n bá sún mọ́ pátákó, á rọra wa ọkọ̀, kí ọmọ lè ráyè kà á. Akéde á tẹjú mọ́ ọn, ètè rẹ̀ á máa mì, ohùn kò ní jáde. Pátákó á kọjá. Kò sẹ́ni tó ń ní kó dákẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ọkọ̀ tó gbà yín kò tó, àfi kó dì yín mú. Orí kan, ìjókòó kan, bẹ́líìtì kan. Ti ẹ̀yìn ṣe pàtàkì bíi ti iwájú. Kì í ṣe torí agbófinró la fi ń dè é. Ọmọ tó ṣì kéré, ẹ wá ìjókòó ọmọdé tó bá a mu fún un, ẹ má gbé e lé ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rán aṣọ sí àga ọkọ̀, ẹ yẹ ẹnu bẹ́líìtì wò kí ẹ tó sanwó oníṣẹ́. Kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ pá ní iye orí tó wà nínú rẹ̀. Ariwo kékeré ni. Bàbá Kúṣìn ṣì ń retí ariwo tó ju ìyẹn lọ, láti ìjókòó ẹ̀yìn.