Púlọ́ọ̀gì tí Bàbá Ń Gbé Kọ́rùn

Nígbà tí iná lọ, ayùn náà dákẹ́ sínú pákó. Jíbrílù fà á yọ, ó gbé e lé orí bẹ́ǹṣì bàbá rẹ̀, ó sì fi apá nu òógùn ojú. Pákó tó kù nílẹ̀ pọ̀ ju èyí tó ti gé lọ.

Ìyá Àgbà Hàwáwù, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, ló kú láàárọ̀ ọjọ́ náà ní agboolé wọn ní Ẹnu Ọ̀wá. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ni wọn yóò gbé e lọ sin. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwa Mùsùlùmí, wọn kò ní í gbé e sínú pósí. Inú sàréè ni wọn yóò tẹ́ ẹ sí, wọn yóò sì to pákó lé e lórí kí iyẹ̀pẹ̀ má baà kan ara rẹ̀. Pákó yẹn ni Jíbrílù ń gé.

Rájí, bàbá rẹ̀, ni káfíńtà tí àdúgbò ń pè fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Rájí ti jáde lọ gbé ilẹ̀kùn sí ilé kan ní Ìkòyí kí ọlọ́jọ́ tó dé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ẹni tí yóò pè é wálé ni. Àlàájì Múdàṣírù, ẹ̀gbọ́n Rájí, ló yọjú sí ìsọ̀.

"Jíbrílù, ìwọ lo mọ ìwọ̀n tí bàbá ẹ máa ń gé e sí. Fi ayùn ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Máà kánjú, àkókò ṣì wà."

"Ó dáa, Bàbá Àlàájì."

Bí Àlàájì ti wọlé padà báyìí ni Jíbrílù gbé ayùn oníná jáde.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣe àìgbọràn. Ìyá Àgbà ló tọ́ ọ láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn títí ó fi wọ iléèwé girama. Ìyá yìí nìkan ló ń pè é ní Àlàó. Gbogbo ayé yòókù, títí kan bàbá rẹ̀, Jíbrílù ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ́ kí pákó ìyá yìí gún régé. Ó fẹ́ kí bàbá rẹ̀ wọlé, kí ó bá a pé iṣẹ́ ti parí, kí ó má sì rí nǹkan kan tún ṣe sí i.

Ìbátan wọn kan ló gbé ayùn oníná náà bọ̀ láti Jámánì. Irin pẹlẹbẹ gígùn ló yọ níwájú rẹ̀, ṣéènì eléyín mímú a sì máa sáré yí irin náà ká. Tí ṣéènì bá gbóná, a máa gùn sí i, a sì máa rọ̀. Bó bá rọ̀ jù, ó lè fò kúrò lójú irin. Nítorí náà ni Rájí ṣe máa ń dá iṣẹ́ dúró léraléra láti fún ṣéènì náà le. Ṣùgbọ́n kò ní í fọwọ́ kan ohunkóhun lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ rìn lọ yọ púlọ́ọ̀gì lára ògiri, tó fi wáyà kọ́ ọrùn, tí púlọ́ọ̀gì sì sinmi lé àyà rẹ̀ bíi tírà. Ìgbà yẹn ni yóò tó mú ṣípánà.

Àwọn oníbàárà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Dókítà Pákó, ẹ bá mi gbọ́ bí àyà mi ṣe ń lù." Rájí kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Tó bá wà lọ́rùn mi," ni yóò sọ fún Jíbrílù, "mo mọ ibi tó wà."

Abdulafeez, ọmọ agboolé kejì tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, ló ń bá Jíbrílù di orí pákó mú lọ́jọ́ yẹn. Òun ló kọ́kọ́ nàka sí ayùn tó wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Wo ṣéènì yẹn. Ó ti ń fì bíi ṣòkòtò tí okùn rẹ̀ já."

"Mo rí i. Màá fún un, kí iná tó dé."

Jíbrílù wo wáyà. Wáyà náà gba ojú fèrèsé ìsọ̀ wọ inú ilé, ó sì lọ títí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ihò iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá Ìyá Àgbà. Nígbà tó ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo. Ní báyìí, àwọn obìnrin ti jókòó kún un, wọ́n sì ń wẹ òkú nínú yàrá. Ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà sínú báàfù. Kò tíì sunkún láti àárọ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, ẹkún náà yóò bú jáde níṣojú gbogbo wọn.

"Feez, bá mi lọ yọ púlọ́ọ̀gì."

"Èmi kẹ̀? Kí n máa la àárín àwọn ìyá kọjá níbi tí wọ́n ti ń wẹ òkú? Iná tí ò sí, kí lo fẹ́ yọ níbẹ̀? Àbí ìwọ náà fẹ́ gbé e kọ́rùn, dókítà kékeré?"

Jíbrílù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Òótọ́ ni, iná kò sí. Ó mú ṣípánà.

Ohun kan wà tó ti gbàgbé. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọwọ́ ń tẹ̀ kí ayùn tó ṣiṣẹ́. Tí èèyàn bá tì í wọlé, ayùn yóò máa sáré lọ fúnra rẹ̀, kí ìka má baà rẹni. Jíbrílù ti tì í wọlé kí iná tó lọ. Inú ibẹ̀ náà ló ṣì wà.

Ó tú nọ́ọ̀tì tó di irin náà mú, ó yí ìdè kékeré tó ń ti irin síwájú. Ṣéènì náà le díẹ̀. Ó wá fi ìka ọwọ́ òsì fa ṣéènì sókè, láti mọ̀ bóyá ó ti le tó, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

Ariwo àwọn ọmọdé ta láti òpópónà pé iná ti dé. Kí ariwo náà tó wọ etí Jíbrílù tán, ayùn ti sáré. Ṣéènì gbá méjì nínú ìka rẹ̀, ó fò kúrò lójú irin, ó sì na ògiri bíi pàṣán. Abdulafeez kò mọ ìgbà tó sáré kọjá láàárín àwọn ìyá yẹn tó lọ fa púlọ́ọ̀gì yọ. Ọ̀nà tó ní òun kò lè gbà ló gbà yẹn.

Aṣọ ni wọ́n fi di ọwọ́ Jíbrílù kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, tí wọ́n ti rán ìka rẹ̀, nígbà tó gbọ́ ìpè ìrun Àlàásárì láti mọ́sálásí kan nítòsí. Ó mọ̀ pé wọn yóò kírun sí Ìyá Àgbà lára láìpẹ́. Ó mọ ìgbà tí wọn yóò gbé e. Òun kò ní í sí níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Rájí wọlé. Iyẹ̀pẹ̀ pupa ṣì wà létí ṣòkòtò rẹ̀. Ó jókòó, ó wo ọwọ́ tí wọ́n dì.

"Bàbá, ta ló gé pákó tó kù?"

"Bàbá Àlàájì àti ọ̀rẹ́ ẹ ni. Ayùn ọwọ́ ni wọ́n fi gé e. Wọ́n ti parí kí n tó ti Ìkòyí dé."

"Ṣé ó gún?"

"Ó gún."

Ìgbà yẹn ni Jíbrílù sunkún. Bàbá rẹ̀ jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

Ìka kan jinná pátápátá. Èkejì kò ká mọ́ títí di òní. Ó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú kí Rájí tó ra ṣéènì tuntun. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó pe ọmọ rẹ̀ sí ìsọ̀. Ayùn wà lórí bẹ́ǹṣì, ṣéènì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Rájí wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó kọjá níwájú ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti tì, ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó sì mú un bọ̀. Dípò kó gbé e kọ́ ọrùn ara rẹ̀, ọrùn Jíbrílù ló gbé e kọ́.

"Bọ́tìnnì ńkọ́?"

Jíbrílù yẹ̀ ẹ́ wò. "Ó wà níta, sà."

"Ìbọ̀wọ́ ńkọ́?"

Ó wọ̀ ọ́. Ó to ṣéènì sójú irin, ó rí i pé eyín tó wà lókè kọjú síwájú. Ó fún un títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò fi fì mọ́, síbẹ̀ tí ọwọ́ ṣì lè fà á yí. Ó di nọ́ọ̀tì le. Púlọ́ọ̀gì wà láyà rẹ̀, ó ń rí i.

Òun fúnra rẹ̀ ti mọ ohun tí ọjọ́ yẹn kọ́ ọ. Iná tó lọ fúnra rẹ̀ lè dé fúnra rẹ̀, kò sì ní í béèrè ibi tí ọwọ́ èèyàn wà. Èyí tí èèyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ nìkan ló lè dá a lójú. Ọ̀nà tó sá fún nítorí kí wọ́n má rí omijé rẹ̀ kò gùn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lọ. Ìtìjú yẹn ló gba ìsìnkú Ìyá Àgbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí bí yóò ṣe rí i gbà padà.

Rájí fa ṣéènì wò lẹ́ẹ̀kan. Ó mi orí.

"Ó dára," ni ó wí. "Lọ ki púlọ́ọ̀gì bọ ihò iná, Àlàó."