Àárọ̀ Tí Ẹsẹ̀ Ògúndìran Kò Gbé E

Ojúọlá ń fi ìró so ọkọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọlọ́kadà. Ojú Ògúndìran là, ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kò lè gbé ọwọ́, kò lè gbé ẹsẹ̀.

“Ìyàwó, tú u sílẹ̀,” ni Fáwùmí, ẹ̀gbọ́n Ògúndìran, wí. “Ó tẹ nǹkan lóko ni. Wọn kì í gbé irú èyí lọ sí ọsibítù.”

“Bàbá Fọlábí, ẹ kúrò lọ́nà.”

“Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni. Tó bá yè, kẹ́ ẹ wá bá mi jà.”

Ó gòkè sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó gbá a mú. Ọlọ́kadà kọrí sí Igbó-Ọrà. Fáwùmí wá ọ̀kadà mìíràn, ó tẹ̀ lé wọn.

Lánàá, Ògúndìran kọ ebè títí di ìrọ̀lẹ́. Ó dé ilé, ó jẹ iyán àjẹyó, ó sùn. Nígbà tó jí, ẹsẹ̀ kò gbé e. Fáwùmí pe oníkẹ́mísì abúlé. Ìyẹn ní àárẹ̀ ni, ó sì fa omi ṣúgà sí i lára, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá rẹ̀. Omi náà kò tíì tán tí ọwọ́ pàápàá fi kọ̀. Ojúọlá fa abẹ́rẹ́ náà yọ.

Ó ní ìdí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ọ̀ṣúndáre, àbúrò wọn, ṣe kú lọ́dún tó kọjá, omi ṣúgà lára rẹ̀. Fáwùmí ní Àyànkẹ́, ìyàwó olóògbé, ló fi nǹkan dè é lọ́nà. Wọ́n lé obìnrin náà padà sílé bàbá rẹ̀ ní Lanlate. Ojúọlá mọ̀ pé bí Ògúndìran bá kú, òun ló kàn.

Dókítà Rùkáyyàh ló gbà wọ́n ní ọsibítù. Ọmọ Igbó-Ọrà ni. Láti ìgbà tó ti parí ẹ̀kọ́ n'Íbàdàn ló ti ń ṣèwádìí kókó tó ń hù nínú ọrùn, àti àìsàn tó ń sọ iṣan di aláìlágbára. Wọ́n fún un níṣẹ́ nílùú ńlá, kò gbà á. Ọ̀kadà ló ń gùn láti abúlé dé abúlé, ó ń yẹ ọrùn wò, ó ń tọrọ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ibi tí wọ́n bá ti lé e, á tún padà lọ.

Ó fọwọ́ kan ọrùn Ògúndìran. Ó gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń sáré.

“Ṣé ó ń rù?”

“Ó ń rù, ó sì ń jẹun ju tẹ́lẹ̀ lọ,” ni Ojúọlá dáhùn. “A máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé aràn ló ń bá a jẹun.”

“Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń gbọ̀n?”

“Ó ń gbọ̀n. Etu á dúró níwájú rẹ̀, ìbọn á gba ibòmíràn lọ.”

“Ìyẹn náà lo fẹ́ sọ fún wọn?” ni Ògúndìran wí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, dókítà jókòó tì wọ́n.

“Kókó kan wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń da èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Tó bá ṣiṣẹ́ agbára, tó jẹ iyán púpọ̀, tó sinmi, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pòtásíọ̀mù á sá wọ inú iṣan. Ara ò ní lè gbéra mọ́. Ṣúgà ló ń lé iyọ̀ náà wọlé sí i. Ọkàn lè dúró.”

“Ṣé oògùn ẹ̀ wà?”

“Ó wà. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa fún un, a ó sì máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀. Kò ṣe é ṣe nílé. Tó bá yá, a ó ran kókó náà lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n yọ ọ́.”

Ògúndìran rẹ́rìn-ín. “Kókó nìkan ni? Èmi ńkọ́?”

Fáwùmí ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà yíjú sí i.

“Bàbá, mo mọ̀ yín. Nígbà tí mo wá sí abúlé yín, ẹ ní mo fẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé yín. Ọ̀kan nínú wọn ti na ọwọ́ kí n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ fà á kúrò. Báwo ló ṣe wà?”

“Ọ̀ṣúndáre ni. Ó ti kú.” Fáwùmí wolẹ̀. “Bí èyí ṣe rí náà ló ṣe rí.”

 Dókítà padà sọ́dọ̀ aláìsàn.

“Àyànkẹ́ kò ṣe nǹkan kan,” ni Fáwùmí wí. 

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ Ògúndìran mì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò ní ọsibítù. Nígbà tí dókítà tún dé abúlé, Fáwùmí ló kọ́kọ́ na ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Lanlate, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn ará ilé Àyànkẹ́.

“Mo ti gbọ́, bàbá,” ni obìnrin náà wí. “Ẹ máa lọ ilé.”

Ẹ̀yin tó ń kà á, bí ẹsẹ̀ èèyàn yín kò bá gbé e lójijì, ẹ má fa omi sí i nílé. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ wò. Ẹ má wá ẹni tó ṣe é kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó ṣe é.

Àyànkẹ́ kò padà. Odó tó fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n lé e ṣì wà lẹ́yìn ilé Fáwùmí, ní ìdojúbolẹ̀.